Sípíkà Ẹ̀yìn Lápá Òsì

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ayára-bí-Àṣá,

Mo kí ọ tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Ṣé orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ti ń rọlẹ̀? Ṣé bàbá àwọn ọmọ wà dáadáa, ṣé àwọn ọmọ náà sì ń rántí pé ìyá àwọn ní fóònù? Ní tiwa níhìn-ín, ara le, ẹnu sì ń jẹun. Ìyókù, ọpẹ́ ni. Káfíńtà, bàálé mi, ní kí n kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ti sanwó orúkọ rẹ fún ọ, nítorí kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń pe kọ̀ǹpútà ní ayárabíàṣá ni àwa ti ń pe ìwọ bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ìtẹ̀wé, nígbà tí ìka rẹ máa ń sáré lórí taipúráítà bí ẹni tí ajá ń lé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo lo bi mí: irú sípíkà wo ni kí o rà sí kọ̀ǹpútà ilé rẹ, tí ohùn á fi yí ọ ká bíi ti ilé sinimá, tí owó rẹ̀ ò sì ní gbé ọ mì? O ní o gbọ́ pé mo ti ra irú rẹ̀, pé márùn-ún ló yí mi ká bí òròmọdìyẹ ṣe ń yí ìyá wọn ká. Màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n nǹkan tí àwọn sípíkà náà fi hàn mí ju ohun tí mo tìtorí rẹ̀ rà wọ́n lọ. Fa àga sún mọ́ tábìlì, kí o ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ kí o tó mú owó jáde.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ọ́fíìsì, ilé ẹjọ́ ṣì ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi nílé. Wọn ò lo téèpù mọ́. Máìkì mẹ́rin ló wà ní kóòtù báyìí: ọ̀kan níwájú adájọ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò, ọ̀kan níbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí, ìkẹrin lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ohùn kọ̀ọ̀kan ń dá dúró nínú fáìlì. Tí mo bá ki ẹ̀rọ bọ etí, adájọ́ àti agbẹjọ́rò á máa sọ̀rọ̀ ní etí ọ̀tún, ẹlẹ́rìí àti olùjẹ́jọ́ á máa sọ tiwọn ní etí òsì, èmi á sì máa tẹ gbogbo rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé mi, òfin iṣẹ́ wa ni pé n ò gbọdọ̀ méfò. Màá kọ "a kò gbọ́" sínú àkámọ́, màá sì kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ pè mí lórí fóònù. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n ju ọjọ́ ìsinmi lọ. Ó ní, "Mà, 'a kò gbọ́' yín ti ń pọ̀ jù. Ṣé ẹ̀rọ yín ni, àbí kí ló dé?" Ọ̀rọ̀ náà ta mí lára. Èmi tí mo máa ń gbọ́ nígbà tí ọ̀gá bá mí kanlẹ̀ nínú yàrá kejì! Mo ní ẹ̀rọ ni, ó ti gbó, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá sọ fún mi pé bí mo bá ní sípíkà tó yí yàrá ká, mo lè fún máìkì kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí olúkúlùkù máa sọ̀rọ̀ láti àyè tirẹ̀. Ìyẹn ló ṣí mi lójú. O kúkú mọ̀ mí: bí wọ́n bá ní kí n má wo inú ìkòkò, mo ti ṣí i tán.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ so táì mọ́rùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ jí òkú. Ó fi orin sí àwọn sípíkà kan tó ga dé èjìká mi, gíláàsì ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àyà tèmi náà ń gbọ̀n. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún? Ẹgbẹ̀rún wáàtì!" Mo ní ó dára, ṣé ó lè jẹ́ kí n gbọ́ èèyàn tó ń sọ̀rọ̀? Ó wò mí bí ẹni tó wá béèrè fìlà ní ṣọ́ọ̀bù bàtà. Mo bá yọ fúláàṣì kékeré kan nínú àpamọ́wọ́ mi. Mo ti gba ohùn Káfíńtà sínú rẹ̀ nílé, níbi tó ti ń ka ohun tó fẹ́ rà: "Pákó ẹlẹ́sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà. Ìṣó onínṣì mẹ́ta, páálí kan. Gọ́ọ̀mù, agolo méjì." Ọkùnrin náà fi í sí i. Pákó dún bí ààrá, ṣùgbọ́n ìṣó ò yé ẹnikẹ́ni. Gbogbo oníbàárà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ lọ́jọ́ náà: sípíkà tó mọ orin í lù lè má mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Owó rẹ̀ sì tó ohun tí mò ń gbà lóṣù mẹ́ta. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Àdúgbò kejì ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírédíò wà, àgbàlagbà kan tó fi wáyà so apá kan awò ojú rẹ̀. Kò bi mí ní iye owó tó wà lọ́wọ́ mi rárá. Ó ní, "Ihò mélòó ló wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà yín, tí wáyà ohùn ń wọ̀?" Mo ní n ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ lọ kà á wá." Mo padà lọ́jọ́ kejì, mo ní ihò kan ni, ó ní àwọ̀ ewé. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́: ti àwọ̀ ewé fún sípíkà méjì iwájú, dúdú fún méjì ẹ̀yìn, àwọ̀ ọsàn fún ti àárín àti àpótí tó ń gbé ohùn tó wúwo, èyí tí wọ́n ń pè ní wúfà. Ó ní, "Ẹni tó ní ihò kan tó wá ra sípíkà márùn-ún, ohùn kan náà ni gbogbo wọn á jọ máa ké bí ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà." Ó bá mú nǹkan kékeré kan jáde tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ibi tí à ń ki fúláàṣì sí lára kọ̀ǹpútà ló ń wọ̀, ihò mẹ́ta náà sì wà ní ìdí rẹ̀.

Sípíkà tó fún mi kò ju ìkúùkù lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àlòkù tó ṣì dára ni. Ó ní kí n má ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí sí, ẹni tó bá fẹ́ tajà lè kọ ohun tó wù ú. Kí n gbé e lọ́wọ́ wò, kó má fúyẹ́ bí agolo òfìfo. Kí n rí i pé ti ẹ̀yìn ní bọ́tìnì ìgbóhùnsókè tirẹ̀, kí wáyà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ṣe é yọ, kó má jẹ́ pé bí wáyà bá já, gbogbo rẹ̀ ti di ti àkìtàn. Lẹ́yìn náà ló fi pákó àti ìṣó Káfíńtà sí i. Ìṣó jáde bí ìṣó, gọ́ọ̀mù jáde bí gọ́ọ̀mù. Àpapọ̀ owó rẹ̀, tòun ti nǹkan oníhò mẹ́ta náà, kò tó ìdajì ohun tí mò ń gbà lóṣù kan. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn o. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìyókù lè dìde.

Káfíńtà kan pátákó kékeré mọ́ kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá iṣẹ́ mi, sípíkà karùn-ún jókòó sórí tábìlì. Mo fi adájọ́ síwájú lápá ọ̀tún, mo fi àwọn agbẹjọ́rò sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ẹlẹ́rìí síwájú lápá òsì, mo fi olùjẹ́jọ́ sẹ́yìn tiẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé kóòtù wá bá mi nílé. Mo gbọ́ bí adájọ́ ṣe ń ṣí ìwé. Mo gbọ́ agbẹjọ́rò tó ń kùn sí èkejì rẹ̀ létí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n tẹríba. Sípíkà kan ṣoṣo ni kò wù mí, ti ẹ̀yìn lápá òsì. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu.

Mo gbé e padà fún Bàbá Onírédíò. Ó tú u, ó fi mítà kàn án níbí, ó fi kàn án lọ́hùn-ún, ó ní, "Ara rẹ̀ yá ju tèmi lọ." Mo gbé e délé, aṣọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo tún padà lọ. Bàbá ò bínú. Ó ní, "Mà, ẹ má dá a lẹ́bi láìjẹ́ kó rojọ́. Ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ gbé ti ọ̀tún sí òsì, ẹ gbé ti òsì sí ọ̀tún. Bí àléébù náà bá bá a lọ, òun ló ni ín. Bí ó bá dúró sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ lọ wá ẹlòmíràn mú."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àléébù náà kò kúrò ní kọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà, kò kúrò. Mo ká aṣọ fèrèsé, mo gbé àpótí aṣọ tó wà níbẹ̀ kúrò, ibi tó wà náà ló wà. Ká sòótọ́, inú mi ń dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí ohun kan ti rú mi lójú báyẹn, mo gbàgbé pé n ò tíì jẹun àárọ̀. Nígbà tí ọgbọ́n mi tán, mo pe Káfíńtà. Ó wọlé tòun ti lẹ́búlẹ́bú pákó lórí, mo ní kó jókòó sórí àga mi kó sọ ohun tó gbọ́ láti ẹ̀yìn lápá òsì. Ó tẹ́tí. Ó ní, "Ọkùnrin kan ń wúkọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ṣé òun lè jókòó."

Mo ní, "Ibo lẹ ti gbọ́ ìyẹn?" Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbọ́ ibẹ̀ yẹn, n ò gbọ́ ikọ́, n ò gbọ́ ẹsẹ̀. Mo lé e dìde, èmi náà jókòó. N ò gbọ́. Mo yí àga, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin náà wúkọ́. Mo kọjú sí kọ̀ǹpútà padà, ó dákẹ́. Mo ń yí lọ, mo ń yí bọ̀, títí Káfíńtà fi di àga náà mú. Ó fi ìka méjì ra ara wọn lẹ́bàá etí ọ̀tún mi, mo gbọ́ ọ kedere. Ó lọ sí apá kejì. Mo dúró, mo ń retí. Mo ní, "Ẹ ṣe é ká rí i, ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Nígbà tí mo wojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti ń ṣe é látìgbà yẹn.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Ó fi orúkọ tó máa ń pè mí pè mí, ó ní, "Akọ̀wé, mo rò pé inú ló ń bí ọ sí mi." O mọ̀ pé apá òsì mi ló máa ń jókòó sí bí a bá ń jẹun. Ọdún tó kọjá ló ta kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ wa láìbéèrè lọ́wọ́ mi, a sì jà sí i. Ó ní láti ìgbà náà, bí òun bá sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, n kì í dáhùn, òun sì gbà pé mo ṣì di kẹ̀kẹ́ náà sínú. Nígbà tó yá, òun náà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ní tèmi, mo rò pé àgbà ló ń dé, pé ẹnu rẹ̀ ló ń wúwo. Oṣù mẹ́jọ, ọ̀rẹ́ mi! Oṣù mẹ́jọ la fi ń jẹun bí àlejò tó bára wọn pàdé ní búkà. Ó dìde, ó lọ gbé àga tirẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ, ó gbé e sí apá ọ̀tún mi.

A jọ lọ sí ilé ìwòsàn etí. Dókítà náà, obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ tutù, fọ etí náà ní àkọ́kọ́. Kò tán síbẹ̀. Ó tì mí mọ́ yàrá kótópó kan, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnì nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ohùn bíńtín. Lẹ́yìn náà ló fi ìwé kan hàn mí: ìlà etí ọ̀tún lọ gbọọrọ, ìlà etí òsì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ lórí àkàbà. Ó bi mí ní irú iṣẹ́ tí mo ti ṣe. Mo ní téèpù, ọdún mọ́kànlélógún, ẹ̀rọ kan tí a ń kì bọ etí kan ṣoṣo. Ó ní, "Etí wo?" Mo ní òsì, nítorí a ní láti fi ọ̀tún sílẹ̀ fún ìpè ọ̀gá. Ó mi orí. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan á ràn án lọ́wọ́, kí n sì dín ariwo kù kí ìyókù má baà tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹrù sí mi lọ́rùn nìyí. Mo délé, mo ṣí àwọn iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ náà. "A kò gbọ́" mọ́kànlélógójì ni mo rí. Mẹ́fà péré ni ti ẹlẹ́rìí, nítorí ẹlẹ́rìí máa ń gbóhùn sókè. Gbogbo ìyókù, lẹ́nu ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ni. Adájọ́ sọ̀rọ̀, mo gbọ́. Agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, mo gbọ́. Ẹni tí ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀ ni n ò gbọ́, tí mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba bí ẹni pé òun ni kò sọ̀rọ̀ dáadáa. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ta ló máa tún gbé iṣẹ́ etí fún adití? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Káfíńtà ń fá pákó lọ́jọ́ kẹta, mo lọ dúró tì í, mo béèrè ohun tó rò. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bí mo bá wọn pákó ṣì, pákó kọ́ ló jẹ̀bi. Màá lọ sọ fún ẹni tó ni ilé kó tó jókòó sórí àga."

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá akọ̀wé àgbà, tòun ti ìwé dókítà. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbé èyí wá fúnra yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jókòó." Ó ya àwọn fáìlì náà sọ́tọ̀. Nínú ẹjọ́ tí wọn ò tíì dá, mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ mi kàn. Ọ̀kan jẹ́ ti ọlọ́dẹ ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ní ó ṣílẹ̀kùn fún olè. Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ti lọ sí ibòmíràn, adájọ́ tuntun kò sì rí ọlọ́dẹ yìí rí. Ìwé tí mo tẹ̀ ló máa fi dá a lẹ́jọ́, ó sì ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé àgbà wá sílé mi fúnra rẹ̀. Mo yí àga mi kí etí ọ̀tún lè kọjú sí kọ̀rọ̀ náà, òun náà jókòó tì mí kó lè jẹ́ etí kejì. Ohùn tó wúkọ́ nígbà yẹn ni. Agbẹjọ́rò bi í léèrè ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìwé tèmi, "a kò gbọ́" ni ìdáhùn rẹ̀. Nínú yàrá náà, ọkùnrin kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń tijú pé òun ń yọ kóòtù lẹ́nu: "Mo fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ìyàwó wọn wà níbẹ̀, ó ń to ìgò." Akọ̀wé àgbà yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un gbé sí i." A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, àwa méjèèjì kọ ọ́ sínú ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a fi wọ́n wéra. Ọ̀rọ̀ kan kò yàtọ̀.

Wọ́n pe ìyàwó ọ̀gá náà wá jẹ́rìí. Mo lọ sí kóòtù lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n bi í, ó wo ọkọ rẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun rí i nígbà tí ọlọ́dẹ fún ọkọ òun ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n dá ọlọ́dẹ sílẹ̀. Ní tèmi, wọn ò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa fetí sí ohun tí mo bá tẹ̀ kó tó jáde. Mo fara mọ́ ọn. Ó dùn mí díẹ̀, n ò ní purọ́ fún ọ.

Bí mo ṣe ń jáde lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan dá mi dúró láti apá òsì. Mo yíjú. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó di fìlà mú lọ́wọ́, ó ń bi mí ní ohun kan. N ò gbọ́ ọ, wọn ò tíì fún mi ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn náà. Nígbà tó wúkọ́ ni mo dá a mọ̀. Kò mọ̀ mí, kò sì ní ìdí tó fi yẹ kó mọ̀ mí. Mo sún mọ́ ọn, mo yí etí ọ̀tún sí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ. Mo fẹ́ gbọ́." Ó ní ọ̀nà wo lòun lè gbà jáde. Mo mú un dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ mi, kí Ọlọ́run dá orúnkún rẹ padà sípò, kó fi ojú àti etí rẹ gbé ọ dalẹ́. Kí ilé rẹ má gbóná, kí ẹni tó ń bá ọ jẹun má ṣe di àlejò sí ọ. Kọ̀wé sí mi láìpẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà,
Akọ̀wé

Àfikún: Wáyà sípíkà ẹ̀yìn máa ń kúrú. Wọn yàrá rẹ kí o tó lọ sọ́jà, láti ìdí kọ̀ǹpútà gba ara ògiri lọ, má wọ̀n ọ́n gba àárín ilẹ̀, kí ó má lọ gbé ọ ṣubú lórí orúnkún yẹn. Kí o tó san owó, fi ìka di etí kan, kí o gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà di èkejì. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù, jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.